Kí ẹ tó gbé Boxer gba Ìdírókò lọ sí Lomé

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ẹnì kan láti Sàngó Ọ̀tà fẹ́ gun ọ̀kadà Bajaj Boxer 150 rẹ̀ dé Lomé ní Tógò, kó sì gùn ún padà. Ó ń béèrè irú táyà tó yẹ kó rà, àti bóyá ẹ́ńjìnì náà á lè gbé e débẹ̀. Ti ẹ́ńjìnì kò le: á gbé yín lọ, á sì gbé yín bọ̀. Àlọ kò ju nǹkan bí 270 kìlómítà lọ, ọ̀dà ló sì pọ̀ jù lójú ọ̀nà. Ọlọ́kadà tó ń ṣiṣẹ́ láàárín ìlú lè má rìn tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, àmọ́ ìyà tó ń fi jẹ ẹ́ńjìnì nínú gósíló ju èyí lọ. Ohun tó máa ń dáni dúró lẹ́nu bodè ni nọ́ńbà ṣásí, ibẹ̀ ni kí ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ yín.

Ẹ mú àkísà àti tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ lọ síbi ọrùn ọ̀kadà, lápá ọ̀tún, níbi tí iwájú rẹ̀ ti ń yí. Ẹ nu ẹrẹ̀ àti gírísì kúrò dáadáa. Lẹ́tà àti fígọ̀ 17 ni wọ́n lù sára irin níbẹ̀, ti Bajaj sì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú MD2. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láti ara irin, ẹ má wo ìwé kọ ọ́. Ẹ wá gbé ìwé ọ̀kadà tì í, kí ẹ máa kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹni tó tẹ ìwé ti sọ 8 di B, tàbí kó sọ 5 di S, tàbí kó fi lẹ́tà O síbi tó yẹ kí òdo wà. Èyí tó kẹ́yìn yìí kò ṣòroó mú: nọ́ńbà ṣásí oní-17 kì í ní lẹ́tà I, O tàbí Q nínú rárá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é kárí ayé. Tẹ́ ẹ bá ti rí O nínú ìwé yín, àṣìṣe ni. Nílé, àtúnṣe rẹ̀ á gbà yín ní ọjọ́ díẹ̀ àti owó díẹ̀. Lẹ́nu bodè, ọ̀kadà tí ìwé rẹ̀ kò bá ara rẹ̀ mu ti di ọ̀kadà olè lójú ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹnu yín nìkan kò sì lè yí i lérò padà.

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wà lápá òsì, nítòsí jíà. Tí wọ́n bá ti bá yín pààrọ̀ ẹ́ńjìnì rí, tókunbọ̀ tàbí tuntun, nọ́ńbà àtijọ́ ló ṣì máa wà nínú ìwé. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ronú kan èyí, torí nínú ìlú kò sẹ́ni tó ń béèrè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ìwé náà tuntun kí ẹ tó jáde. Orúkọ tó wà lórí ìwé sì gbọ́dọ̀ bá ti páàsípọ́ọ̀tù yín mu. Tó bá jẹ́ pé ọ̀kadà họ́yá ni, tàbí ti ẹ̀gbọ́n yín, ẹ gba lẹ́tà àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí ẹ búra sí i ní kóòtù, kí ẹ sì fi ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ sí i. Lẹ́tà tí wọ́n kàn fi ọwọ́ kọ, kò dé ibì kankan.

Ìwé tó kù: láísẹ́ǹsì yín ńkọ́? Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n kọ class sí. Lẹ́tà A ni ti ọ̀kadà. Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé ti mọ́tò nìkan ló wà lọ́wọ́ wa, a sì ti ń fi gun ọ̀kadà láti ọjọ́ yìí. Ẹ gba ti ọ̀kadà mọ́ ọn, kí ẹ sì gba ti ìrìn-àjò òkèèrè náà tí ọwọ́ yín bá ká a. Lẹ́yìn èyí ni ìnṣọ́ránsì, àti káàdì ECOWAS aláwọ̀ ilẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń pè ní Brown Card. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kan náà ló máa fún yín. Ní 1982 ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí i ní Kútọnu, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé tẹ́ ẹ bá gbá èèyàn tàbí ba nǹkan oní-nǹkan jẹ́ ní òdìkejì, káàdì náà á sanwó fún ẹni náà. Kò kan ọ̀kadà tiyín o. Tí wọ́n bá jí i, tàbí tẹ́ ẹ bá fi gbá ògiri, ọ̀rọ̀ tiyín nìyẹn. Ẹ kà á dáadáa pé ọjọ́ tó máa parí kò ní bá yín lójú ọ̀nà.

Yẹ́lò káàdì, ti àjẹsára ibà pọ́njú, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń sáré ṣe ní ọjọ́ tó kù ọ̀la. Láti 2016, tẹ́ ẹ bá ti gbà á lẹ́ẹ̀kan, ó ti tó títí ayé. Káàdì tí wọ́n ń tà ní gáréèjì láìgún abẹ́rẹ́, ẹ má fi owó yín ra wàhálà. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́rin-mẹ́rin gbogbo ìwé yìí. Àwọn kan lẹ́nu bodè máa ń fẹ́ mú nǹkan dání, ẹ̀dà ni kó wà lọ́wọ́ wọn, kí ojúlówó wà lápò yín.

Fún ẹni tó ń ti Sàngó bọ̀, Ìdírókò ni mo fara mọ́ ju Sẹ̀mẹ̀ lọ. Èkó ti lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ láti June 1, 2022, àti pé ọ̀nà Badagry kún fún ibi àyẹ̀wò tó ń jẹ àkókò. Ní Ìdírókò àti Ìgólò tó kọjú sí i ní Benin, Yorùbá ni wọ́n ń sọ lápá ìhín àti lápá ọ̀hún. Èyí nìkan tó nǹkan tí èèyàn lè torí rẹ̀ yan ọ̀nà, pàápàá tí Faransé yín kò bá ju bonjour lọ.

Ní bodè, ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí ẹ máa ti ọ̀kadà. Ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n Nàìjíríà lẹ ó kọ́kọ́ yà, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ pé ẹ ti jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ fi ọ̀kadà han kọ́sítọ́ọ̀mù. Tẹ́ ẹ bá wá dé Ìgólò, òǹtẹ̀ ìwọlé, yẹ́lò káàdì, kí ẹ tó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn douane, ìyẹn kọ́sítọ́ọ̀mù Benin. Wọ́n á béèrè carte grise, ìwé ọ̀kadà ni wọ́n ń wí. Ọ̀dọ̀ wọn lẹ ti máa gba laissez-passer, ìwé tó sọ pé ọ̀kadà yìí wọlé fún ìgbà díẹ̀ ni, kò wá fún títà. Kí ẹ tó kúrò nídìí tábìlì, ẹ ka nọ́ńbà ṣásí tí wọ́n kọ síbẹ̀, kí ẹ ka nọ́ńbà pílétì, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí wọ́n fún yín. Akọ̀wé tó ti rẹ̀ lè fi lẹ́tà kan sílẹ̀, kò sì ní rántí yín mọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀.

Àwọn ọmọkùnrin kan á sáré bá yín, wọ́n á ní kí ẹ gbé páàsípọ́ọ̀tù wá àwọn máa bá yín tẹ̀ ẹ́, tàbí pé àwọn mọ ọ̀nà inú igbó tí ọ̀kadà lè gbà láìsan nǹkan kan. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ máa lọ. Ọ̀nà fayawọ́ lèyí tí wọ́n ń sọ. Ẹni tó bá gbà á ti wọ orílẹ̀-èdè Benin láìní òǹtẹ̀ kankan, kò sì ní rí wàhálà rẹ̀ títí yóò fi dé Hillacondji, bodè Benin àti Tógò, níbi tí wọ́n á ti bi í pé ibo ló gbà wọlé. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ sanwó, ẹ béèrè rìsíìtì. Ìbéèrè náà máa ń dín owó kù, ó sì lè sọ ọ́ di òfo nígbà míì. Ẹ má fi ìbínú béèrè rẹ̀ ṣá o.

Ó kan ọ̀kadà fúnra rẹ̀. Ẹ ṣe gbogbo àtúnṣe ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ fi rìn tó 100 kìlómítà láàárín ìlú, kí ẹ tó tún fi sípánà kan gbogbo nọ́ọ̀tì. Ọ̀kadà tó jáde lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò ni mo ń bẹ̀rù jù. Ọ́ìlì tuntun náà, ẹ yí i ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Tí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ bá ń jò, ilẹ̀ ilé yín ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín.

Táyà tẹ́ ẹ béèrè: 2.75-17 níwájú, 3.00-17 lẹ́yìn, èyí tó bá ọ̀kadà wá. Kò sídìí láti ra èyí tó ní eyín gàǹgà-gàǹgà bíi ti inú oko; lórí ọ̀dà tó tutù, ó máa ń yọ̀. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ inú rẹ̀: 25 psi níwájú, 28 lẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá gbé èèyàn tàbí ẹrù, ẹ sọ tẹ̀yìn di 32. Kí tíúbù méjì wà nínú àpò, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, pẹ̀lú irin ìṣítáyà méjì àti pọ́ǹpù ọwọ́. Fọkanáísà pọ̀ lójú ọ̀nà lóòótọ́, ṣùgbọ́n tíúbù tí wọ́n ti lẹ̀ níbi mẹ́rin ni wọ́n máa ń tà fún àjèjì.

Ṣéènì ni kí ẹ fara balẹ̀ wò. Ẹ jókòó sórí ọ̀kadà pẹ̀lú ẹrù yín, kí ẹlòmíì fi ìka ti ṣéènì sókè-sódò láàárín ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kó máa fò tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá fà á le nígbà tí kò sí ẹrù, yóò le koko nígbà tí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ bẹ́rìn. Ẹ ra ìdè ṣéènì 428 kan mọ́ ọn. Irin tín-ín-rín tó ń dì í mú ní apá kan tó dí, apá kan tó là. Apá tó dí ni kó kọjú síbi tí ṣéènì ń lọ. Tó bá jẹ́ èyí tó là ló ṣáájú, òkúta kékeré tó bá ta bà á á ṣí i kúrò, ṣéènì á sì bọ́ lórí eré.

Okùn kílọ́ọ̀ṣì náà: ẹ má kó tuntun sínú àpò. Ẹ fi ọ́ìlì sí i nínú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ fi téèpù dè é. Lọ́jọ́ tí ti àtijọ́ bá já, orí méjèèjì nìkan lẹ máa yí, láìtú táńkì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ mú págì kan, fíúsì méjì, bọ́ọ̀bù iná iwájú, wáyà tín-ín-rín, àti sípánà tó bá àwọn nọ́ọ̀tì ọ̀kadà yín mu. Ẹ dán sípánà ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wò nílé, òun ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé.

Epo: táńkì Boxer 150 gba lítà 11. Tẹ́ ẹ bá ka lítà kan sí 40 kìlómítà, táńkì kan kún á gbé yín dé Lomé, á tún kù. Nítorí náà ẹ kún un ní Ọ̀wọ̀dé. Ẹ má gbé jálá epo kankan dání kọjá, ì báà jẹ́ lítà márùn-ún. Epo ni ẹrù fayawọ́ tó lórúkọ jù lójú ọ̀nà yìí, ojú oníṣòwò epo sì ni wọ́n á fi wò yín. Lápá ọ̀hún, ẹ ó rí kpayo, epo fayawọ́, nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Ilé epo ni kí ẹ lọ. Tí kò bá sọ́nà míì, ẹ jẹ́ kí ìgò náà dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ wo ìdí rẹ̀ lójú oòrùn: omi máa ń lọ sísàlẹ̀, ẹ ó rí ìlà tó pín in. Tí omi bá ti wọlé, ọ̀kadà á máa ṣiṣẹ́ dáadáa tó bá rọra ń lọ, á sì máa kú tẹ́ ẹ bá fún un níná. Ẹ ti kọ́ọ̀kì epo, kí ẹ tú sùkúrù kékeré tó wà nídìí kábúrétọ̀, kí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ dà nù, kí ẹ dì í padà, kí ẹ tó ṣí epo.

Láti Ìgólò ẹ ó gba Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) kí ẹ tó dé Kútọnu. Àṣíborí kò ní àfirọ́pò níbẹ̀. Ẹ má sì gbé ẹnikẹ́ni tó bá na ọwọ́ sí yín; àwọn tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò ní Kútọnu ń wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè, ẹ̀yin sì ni pílétì Nàìjíríà. Ẹ tètè kọjá ìlú náà kó tó di ọ̀sán. Ní Hillacondji, ohun tẹ́ ẹ ṣe ní Ìgólò lẹ ó tún ṣe: òǹtẹ̀ ìjáde, òǹtẹ̀ ìwọlé, ìwé ọ̀kadà ti Tógò. Owó CFA kan náà ni wọ́n ń ná lápá méjèèjì, ẹ kò ní ṣẹ́ńjì mọ́, àmọ́ aago Tógò fi wákàtí kan dín sí ti Benin.

Àbọ̀ ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Nàìjíríà ti dẹ́kun kí wọ́n máa kó ọkọ̀ tí wọ́n rà nílẹ̀ òkèèrè gba bodè orí ilẹ̀ wọlé láti January 2017. Oníkọ́sítọ́ọ̀mù tó bá rí ọ̀kadà mímọ́ tó ń ti Kútọnu bọ̀ á fẹ́ mọ ibi tẹ́ ẹ ti rà á. Rìsíìtì àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ fi rà á, ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ dání. Lọ́jọ́ àlọ, ẹ ya fọ́tò ọ̀kadà pẹ̀lú pílétì rẹ̀ ní Ìdírókò, ní ibi tí wọ́n bá gbà kí ẹ ti yà á. Kí ẹ tó kúrò ní Ìgólò, ẹ rí i pé wọ́n fi òǹtẹ̀ sí laissez-passer náà pé ọ̀kadà ti jáde, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ yín, torí wọn kì í dá a padà.