Ọmọ mi ń gba ìṣirò nílé, àmọ́ kì í gbà á nínú ìdánwò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Adátán ni mò ń gbé ní Abẹ́òkúta níbí, àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS2. Iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n bá fún un nínú ìṣirò, gbogbo rẹ̀ ló máa ń gbà. Wákàtí méjì ló fi ń jókòó ti ìwé lálaalẹ́. Ó fi oṣù kan ṣe áljẹ́bírà, ó fi òmíràn ṣe jiọ́mẹ́tìrì, ó ní statistics ló kàn. Ṣùgbọ́n tí ìdánwò ìparí sáà bá dé, máàkì rẹ̀ kì í kọjá ogójì. Ṣé kí n wá tíṣà tí yóò máa wá kọ́ ọ nílé ni? Èmi fúnra mi ò mọ ìṣirò kọjá ti owó ọjà.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Màmá. Ẹ má tíì náwó. Ohun tó ń ṣe é wà nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ: oṣù kan fún áljẹ́bírà, òmíràn fún jiọ́mẹ́tìrì. Ọmọ tó bá ṣe ogún ìbéèrè lórí ohun kan ṣoṣo, àkọ́kọ́ nìkan ló ronú sí. Mọ́kàndínlógún tó kù, ọwọ́ ló fi ṣe wọ́n. Àkọlé tó wà lókè ìwé ti sọ fún un pé kuadirátíìkì ni, ìyẹn ìdọ́gba tó ní x² nínú, kí ló tún fẹ́ rò? Inú ìdánwò kò sí àkọlé.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan wá tí mo máa ń fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Bàbá kan ra ilẹ̀ onígun mẹ́rin gbọọrọ ní Láfẹ́nwá. Òòró rẹ̀ fi mítà 7 ju ìbú rẹ̀ lọ. Tí a bá fi ìbú sọ òòró náà di púpọ̀, 120 la ó rí. Báwo ni okùn tí a bá ta láti igun kan dé igun tó kọjú sí i yóò ṣe gùn tó? Wọ́n á kọ́kọ́ máa wò mí lójú, torí kò sí x kankan níbẹ̀. Àwa la ó fi x síbẹ̀. Ìbú ni x, òòró ni x + 7, nítorí náà x(x + 7) = 120. Ìyẹn di x² + 7x − 120 = 0, tó já sí (x + 15)(x − 8) = 0. Yálà x jẹ́ 8 tàbí −15. Ilẹ̀ wo ni ìbú rẹ̀ ń lọ sábẹ́ òdo? A da −15 nù. Ìbú 8, òòró 15. Ọ̀pọ̀ á dá bírò sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ti gbàgbé pé okùn ni a bi wọ́n. Okùn náà ló pín ilẹ̀ sí onígun mẹ́ta méjì: 8² + 15², ìyẹn 64 + 225 = 289. 17 × 17 ló ń jẹ́ 289, nítorí náà mítà 17 ni okùn.

Ọmọ yín lè yanjú ìdọ́gba yẹn bí ẹ bá kọ ọ́ fún un. Kó dá a mọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ ni kò tíì kọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kó ṣe rèé. Kó da ìbéèrè bí ọgọ́ta kọ láti inú ìwé past question sórí pépà kéékèèké, ogún áljẹ́bírà, ogún jiọ́mẹ́tìrì, ogún statistics, kó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú agolo tó ti ṣófo. Lálẹ́, kó mi agolo náà dáadáa, kó fa mẹ́fà yọ. Kó tó ṣe ohunkóhun, kó kọ ìlà kan péré sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan: irú ìbéèrè wo nìyí, kí sì ni màá kọ́kọ́ ṣe? Lẹ́yìn náà ló tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta tó fún un. Wákàtí méjì yẹn ti pọ̀ jù, oorun ló ń jẹ wákàtí kejì.

Èyí tó bá gbà, kó dá a padà sínú agolo. Èyí tó bá kùnà, kó kọ ọ́ sínú ìwé ọ̀tọ̀, kó kọ ibi tó ti ṣìnà gan-an, kó sì tún un ṣe lọ́jọ́ kejì láì wo ìdáhùn. Ìwé àṣìṣe yìí, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń pè é, tí oṣù kan bá kọjá, ẹ ó rí i pé àṣìṣe mẹ́rin tàbí márùn-ún ló ń yí po.

Àmì àyọkúrò tó ṣáájú àkámọ́ sábà máa ń wà lára wọn. Ọmọ á kọ −3(x − 4), á ní −3x − 12, dípò −3x + 12. Fún èyí, èdè wa ni mo fi ń kọ́ wọn. Mẹ́tàdínlógún, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹ̀ta dín nínú ogún: 20 − 3. Tí mo bá ní kí ẹ yọ mẹ́tàdínlógún kúrò nínú àádọ́ta, ẹ lè kọ́kọ́ yọ ogún, ó ku ọgbọ̀n, àmọ́ ẹ ti yọ mẹ́ta lé e, ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. 50 − (20 − 3) = 50 − 20 + 3. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ ju owó ọjà lọ, ẹ ti ń ṣe èyí láti kékeré, tí ẹ bá ń fún oníbàárà ní ṣéńjì.

Ti jiọ́mẹ́tìrì, kó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàwòrán, kódà bí ìwé bá ti yà á. Ibi tí mo ti rí wọn ṣubú jù ni igun ìwosalẹ̀, ìyẹn igun tí ẹni tó wà lókè fi ń wo ìsàlẹ̀. Ẹ gbà pé ẹnì kan dúró lórí Olúmọ, ó fi mítà 50 ga ju òrùlé páànù kan tó ti dípẹtà nísàlẹ̀, ó sì fi igun 30° wò ó. Ibo la ti ń wọn 30° yẹn? Láti ibi tí ojú rẹ̀ ti ń wo iwájú gbọọrọ, kì í ṣe láti ara àpáta tó dúró ṣánṣán. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n dáadáa á rí mítà 86.6 láti ìdí àpáta dé ilé náà. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n láti ara àpáta á rí 28.9.

Statistics, ẹ̀yin ni kó fi ṣe. Kó kọ iye aṣọ tí ẹ tà sílẹ̀. Ká ní láti Ajé dé Àbámẹ́ta, ó jẹ́ 4, 8, 3, 17, 6, 4. Àròpọ̀ rẹ̀ 42, pín in sí mẹ́fà, mean jẹ́ 7. Èyí tó wáyé jù, mode, jẹ́ 4. Median, iye tó wà láàárín, ni wọ́n ń ṣì: wọ́n á mú àwọn méjì tó wà láàárín bó ṣe wà, 3 àti 17, wọ́n á ní 10. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tò ó: 3, 4, 4, 6, 8, 17. Àárín 4 àti 6 ni, 5. Kó wá sọ fún yín èyí tó yẹ kí ẹ fi pinnu iye aṣọ tí ẹ ó máa gbé jáde lójoojúmọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó bá ní 7, ẹ bi í pé ṣé ó mọ̀ pé aṣọ ẹbí ló gbé Ọjọ́bọ̀ dé 17, àti pé ọjọ́ méjì péré lẹ tà ju 7 lọ.

WAEC ṣì jìnnà díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kó mọ̀ ọ́n: 50 ìbéèrè ẹlẹ́yàn-èyí-tó-tọ́ ní wákàtí kan àbọ̀, ìyẹn kò tó ìṣẹ́jú méjì fún ọ̀kan. Nínú ti kíkọ, wákàtí méjì àbọ̀ fún mẹ́wàá, márùn-ún ọ̀ranyàn, márùn-ún tí òun yóò yàn. Kó má sì fi iṣẹ́ tó ṣe pamọ́, torí máàkì wà fún ọ̀nà tó gbà, kódà bí ìdáhùn bá ṣìnà.

Iṣẹ́ tiyín, Màmá: lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ fa pépà kan yọ nínú agolo, ẹ ní kó ṣàlàyé rẹ̀ fún yín ní Yorùbá. Ẹ kò ní láti mọ ìdáhùn. Ibi tó bá ti ń fà sẹ́yìn, tó ń sọ pé “bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa”, ẹ ní kó kọ ibẹ̀ sínú ìwé àṣìṣe.

Bí sáà kan bá fi kọjá tí máàkì náà kò gbéra, nígbà náà ẹ wá tíṣà. Ẹ fi ìwé àṣìṣe yẹn lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó má baà tún bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní.