Ẹ Má Tíì Kó Kúlà Jáde: Ìdáhùn Sí Lẹ́tà Yín Lórí Iṣẹ́ Ìhìnrere Lábẹ́ Bíríìjì

Lẹ́tà tó dé lóṣù yìí pọ̀ lórí àwọn ìjọ tó ń gbé oúnjẹ àti àdúrà lọ bá àwọn tó ń sùn níta. A gé àwọn kan kúrú, a sì pa àwọn tó jọra pọ̀.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ wa se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ọgọ́ta abọ́ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, a gbé e dé abẹ́ bíríìjì Oṣòdì ní aago mẹ́wàá alẹ́. A ò tíì ṣí kúlà kejì tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ìta gbé kúlà kan sá lọ. Lọ́jọ́ kejì, a gbọ́ pé inú ń run àwọn tó rí jẹ. Kí la ṣe tí kò dáa? Ìyá Ìjọ, Muṣin.

Ẹ kú ìnáwó, mà, ẹ sì kú ìdààmú. Ọ̀ràn méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìjà.

Ọwọ́ òfo la fi ń kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Kí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lọ́jọ́ kan náà, ní wákàtí kan náà. Kí wọ́n kí àwọn èèyàn, kí wọ́n mọ orúkọ, kí wọ́n ka iye orí. Lọ́sàn-án, alábàárù, kọ̀ndọ́, alágbe àti ẹni tó ń dúró de mọ́tò ti dàpọ̀. Àfi tó bá di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí wọ́n bá ti ń tẹ́ páálí, lẹ tó lè mọ ẹni tó ń sùn níbẹ̀ ní ti gidi. Ẹ má sì rò pé abẹ́ bíríìjì kò ní alákòóso. Lọ́dún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bá yàrá 86 tí wọ́n gé sábẹ́ bíríìjì Dolphin n'Ìkòyí, wọ́n sì ní nǹkan bí 250,000 náírà ni wọ́n ń gbà lọ́dún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbi tí kò tiẹ̀ sí yàrá, ẹnìkan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń múlẹ̀. Ẹ wá a rí, ẹ kí i, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ bá wá. Ẹ má fún un lówó o. Tó bá gbà á lẹ́ẹ̀kan, owó orí ló dà yẹn. Ẹ gbé oúnjẹ tirẹ̀ fún un, kẹ́ ẹ ní kó bá yín tún èrò tò.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ pín nǹkan, ẹ ti fún wọn ní tíkẹ́ẹ̀tì ní wákàtí kan ṣáájú. Páálí kékeré tẹ́ ẹ tẹ òǹtẹ̀ ìjọ mọ́ ti tó. Tí abọ́ bá jẹ́ ọgọ́ta, ẹ pín àádọ́ta tíkẹ́ẹ̀tì, kí mẹ́wàá kù fún ẹni tó bá pẹ́ dé. Kí wọ́n jókòó, kí ẹ̀yin máa gbé e lọ bá wọn. Ẹni tó dúró ló ń ti ẹnìkejì. Búùtù mọ́tò tí wọ́n ṣí sílẹ̀ láàárín èrò ló ń dá ọ̀pọ̀ ìjà sílẹ̀, torí ẹni tó wà lẹ́yìn ti rí i pé kò ní kan òun. Ẹ kọjú mọ́tò sí ọ̀nà àbájáde, kí dẹ́rẹ́bà má sọ̀ kalẹ̀.

Ní ti inú rírun, aago ló fà á. Ìrẹsì yín lo wákàtí méje kó tó dẹ́nu. Kòkòrò kan wà nínú ìrẹsì tí iná kì í pa tán. Bí oúnjẹ bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, á da májèlé sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni títún un gbé kaná kò lè mú májèlé náà kúrò. Tó bá jẹ́ dandan kẹ́ ẹ se ìrẹsì, kóńgò mẹ́fà tó fún ọgọ́ta èèyàn. Ẹ bù ú sí kúlà bó ṣe ń hó, kẹ́ ẹ sì pín in tán láàárín wákàtí méjì. Ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín tètè ń kan, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nílé. Lójú tiwa, oúnjẹ gbígbẹ ló dáa jù fún òru: búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹyin sísè tí wọn ò tíì bó. Kíréètì méjì jẹ́ ọgọ́ta ẹyin géérégé. Báàgì píọ̀ wọ́tà kan ní ogún nínú, nítorí náà ẹ gbé mẹ́rin. Ẹ̀pà ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ wo eyín wọn.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí à ń bá pàdé ní Dùgbẹ̀ ló ní egbò lẹ́sẹ̀. Spírítì la fi ń wẹ̀ ẹ́. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Ajíhìnrere, Ìbàdàn.

Kò dáa. Spírítì àti hydrogen peroxide máa ń jó ẹran tuntun tó ń hù, egbò á sì pẹ́ kó tó jinná. Omi iyọ̀ ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ se omi lítà kan títí á fi hó, ẹ bu ṣíbí tíì kan ààbọ̀ iyọ̀ sí i, ṣíbí tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ o, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù nínú ìgò mímọ́ tó ní ìdérí. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sè é ni kẹ́ ẹ lò ó, kẹ́ ẹ da ìyókù nù. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tuntun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Àkísà tó ti lẹ̀ mọ́ egbò ni ọ̀pọ̀ kì í mọ bí wọn á ṣe mú. Wọ́n á fà á, ẹ̀jẹ̀ á dà, ẹni náà ò sì ní jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun mọ́. Ẹ da omi iyọ̀ sí i kó rin gbingbin, kẹ́ ẹ mú sùúrù fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kẹ́ ẹ máa bá a tàkúrọ̀sọ. Tí etí àkísà bá ti ń gbéra, ẹ mú un láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Ẹ wá fi gọ́ọ̀sì bò ó, kẹ́ ẹ wé báńdéèjì láti ọ̀nà ọmọ ìka lọ sókè. Ẹ tẹ èékánná ẹsẹ̀ náà wò: tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, ẹ ti wé e le jù.

Egbò tó ń rùn, tí egungun hàn nínú rẹ̀, tí pípọ́n rẹ̀ ń ràn, tàbí tí ibà bá a wá, ọsibítù ló kàn. Tí àgbọ̀n ẹni náà bá ń le, tí ẹnu rẹ̀ ò ṣeé là dáadáa, kíákíá ni. Ẹ má fi owó káàdì lé e lọ́wọ́ kẹ́ ẹ ní kó máa lọ. Ẹ bá a lọ, nítorí aláìnílé tó bá dá lọ, ẹnu géètì ni wọ́n ti máa ń lé e padà.

Olùṣọ́ wa ní ká kọ́kọ́ wàásù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ká tó pín oúnjẹ. Mùsùlùmí sì pọ̀ níbẹ̀. Díákónì, Abẹ́òkúta.

Oúnjẹ ni kó ṣáájú, sà. Ẹ bá wa ṣí Jákọ́bù orí 2, ẹsẹ 15 àti 16, fún Olùṣọ́. Àmín tí ẹni tí ebi ń pa ń ṣe, kúlà ló ń ṣe é fún.

Nígbà tí wọ́n bá ti jẹun tán, ẹ lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ lóṣòó, kí ojú yín àti tirẹ̀ lè ṣe déédéé. Ẹ bi í pé, “Ṣé ẹ fẹ́ ká gbàdúrà pẹ̀lú yín? Lórí kí ni?” Tó bá ní rárá, ẹ má dìde fùú, ẹ ṣì jókòó tì í díẹ̀. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìṣẹ́jú kan sí méjì ti tó, lórí ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ. Ẹ má gbọ́wọ́ lé e lórí láìbéèrè: ẹni tí wọ́n ti lù ní òru rí lè fò sókè kó gbá yín létí, kò sì jẹ̀bi. Nínú ẹ̀yin méjì tó wà níbẹ̀, kí ẹnìkan lajú. Ẹ má gbé gbohùngbohùn wá, ẹ má yà wọ́n ní fọ́tò.

Ẹni tó bá ń dá sọ̀rọ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í de ẹ̀mí èṣù lẹ́bàá títì, ẹ má sì ní kó da oògùn rẹ̀ nù láéláé. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta ní Arò, ọsibítù àìsàn ọpọlọ, nítòsí. Lọ́dún 1954 ni Dókítà Lambo ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú àwọn ará abúlé àyíká ibẹ̀, kí wọ́n sì máa gba ìtọ́jú. Àdúrà àti abẹ́rẹ́ kì í ṣe orogún.

Ọmọkùnrin kan, bí ọdún mọ́kànlá, ń sùn ní Ojúẹlẹ́gba. Arábìnrin kan fẹ́ mú un lọ sílé rẹ̀. Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́, Súrùlérè.

Ẹ bá wa dá a dúró. Bó ti wù kí inú rẹ̀ dáa tó, ẹni tó bá gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ láìsí àṣẹ lè di gbọ́mọgbọ́mọ lójú ọlọ́pàá àti lójú òbí. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà láti 2003, Èkó náà sì ti ṣe tirẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà tó àgọ́ ọlọ́pàá létí àti iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀dọ́ àti ìgbáyégbádùn ní Alausa, kẹ́ ẹ gba orúkọ òṣìṣẹ́ tó dá yín lóhùn. Tí ewu bá wà lóru, ẹ pe 112 tàbí 767. Àgbà méjì ni kó máa bá a sọ̀rọ̀, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin. Ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà bó ṣe sọ ọ́ gan-an, ẹ má sì ṣèlérí ilé ìwé fún un.

Ìjọ wa ní Peckham, Lọ́ńdọ̀nù, fẹ́ máa jáde lálẹ́ Sátidé. Kí ló yàtọ̀ ní tiwa níbí? Arákùnrin kan.

Ìwé ló yàtọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ máa pín oúnjẹ déédéé, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, ní ọjọ́ 28 kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ bá rí tó ń sùn níta, ẹ fi tó StreetLink, àwọn tó ń gba ìròyìn nípa ẹni tó ń sùn níta, létí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti sọ fún un. “Ní Peckham” nìkan kò tó. Ẹ kọ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wo ni, aago mélòó, irú aṣọ wo ló wọ̀. Ọmọ tí kò tíì pé 18, tàbí ẹni tẹ́ ẹ jí tí kò jí, ẹ pe 999. Ní òru tí wọ́n bá ń retí kí ojú ọjọ́ tutù dé òdo, àwọn kánsù máa ń ṣí ibùsùn pàjáwìrì.

Ẹ ó pàdé ọmọ Yorùbá tí fisà rẹ̀ ti tán, tí kò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba. Ẹ má gbà á nímọ̀ràn lórí ìwé ìgbélùú o. Láti ìgbà òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1999, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹni tí kò ní àṣẹ máa gbani nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹ bá a wá agbẹjọ́rò tàbí agbaninímọ̀ràn tó forúkọ sílẹ̀.

Ìbọ̀sẹ̀ tuntun tó nípọn ló máa ń kọ́kọ́ tán, ẹ rà á lọ́pọ̀. Kẹ́ ẹ sì dín ata jọ̀lọ́ọ̀fù kù.