Dísíìkì mi ń pààrọ̀ orúkọ

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Linux ni mò ń lò lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù fọ́tò mi. Lánàá, dísíìkì mi ń jẹ́ /dev/sdb. Lónìí ó ti di /dev/sdc. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Àbúrò, dísíìkì rẹ kò ṣẹ̀. Bíi ti ìbejì ni, ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni Táíwò: èyí tí kernel, ọkàn Linux, bá kọ́kọ́ rí ló ń gba sda, èkejì a gba sdb, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Fúláàṣì kan ló ṣáájú tìrẹ wọlé. Láti 2003 ni udev, ètò tó ń sọ àwọn ẹ̀rọ lórúkọ nínú Linux, ti wà fún irú èyí. Ó ń ka UUID, nọ́ńbà gígùn tí a kọ sára dísíìkì nígbà tí a fọ́mátì í, ó sì ń fi í sínú /dev/disk/by-uuid. Ìyẹn kì í yí padà, àfi tí o bá tún un fọ́mátì tàbí tí o bá fọwọ́ ara rẹ yí i padà. Tẹ àṣẹ sudo blkid kí o lè rí UUID náà, kí o sì dà á kọ sínú /etc/fstab, fáìlì tí Linux ń wò láti mọ dísíìkì tí yóò ṣí. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti fọ́mátì sdb oníbàárà rí, mo rò pé tèmi ni!