Ẹ Bi Wá, A ó Dá Yín Lóhùn: Nẹ́tíwọ̀kì Abẹ́ Òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, ilé wa wá wà lẹ́yìn àpáta nísàlẹ̀ Olúmọ níbẹ̀ yẹn. Tí mo bá wà ní ìsọ̀, nẹ́tíwọ̀kì kún dẹ́múdẹ́mú, kàsítómà ń pè, à ń nájà lórí WhatsApp. Tí mo bá ti délé báyìí, ó di báà kan, ìgbà míì kò tiẹ̀ sí rárá. Bẹ́ẹ̀ tí mo bá gun àpáta ẹ̀yìnkùlé lọ sá aṣọ, ṣe ni mẹ́séèjì á máa ya wọlé wìtìwìtì. Ọmọ mi ní kí n pààrọ̀ fóònù. Ṣé fóònù ni?
Ìyá Aládìrẹ

Ìyá wa, ẹ má tíì náwó o jàre. Fóònù yín ò ṣe nǹkan kan. Nẹ́tíwọ̀kì tó ń ti orí òpó bọ̀, bí iná tọ́ọ̀ṣì ló ṣe rí, tí nǹkan ńlá bá dí i lójú, ẹ̀yìn nǹkan yẹn á ṣókùnkùn. Gíránáìtì sì ni àpáta wa, agbára káká ni ìgbì rédíò fi máa gba inú ẹ̀ kọjá. Àpáta tí àwọn bàbá wa sá sí abẹ́ ẹ̀ nígbà ogun, tí wọ́n fi tẹ̀dó síbí ní 1830, òun náà ló wá ń fi yín pamọ́ fún kàsítómà báyìí! Páànù orí ilé tún ń dá kún un, irin ni, ńṣe ló máa ń ta á padà. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe: ẹ wá fèrèsé tó kọjú síbi tí kò sí òkúta, ẹ gbé fóònù kan síbẹ̀, ẹ tan hotspot ẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa fi ìkejì ṣe WhatsApp yín nínú yàrá. Ẹ tún yá síìmù aládùúgbò wò, torí òpó ti ilé iṣẹ́ kan lè wà níwájú àpáta kí ti èkejì wà lẹ́yìn ẹ̀. Àti pé tí bátìrì yín bá ń tètè kú nílé, ohun kan náà ló ń fà á o, fóònù tí ò gbọ́ òpó dáadáa, ariwo ló máa ń pa kí òpó lè gbọ́ ọ.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ìyàwó mi bá ti ń gbé ọbẹ̀ gbóná nínú máìkíròwéfù, bọ́ọ̀lù tí mò ń wò lórí Wi-Fi á dúró gbagidi. Ó ní irọ́ ni mò ń pa mọ́ òun.
Bàbá Ìbejì, Ìbarà

Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ jàre, ẹ ṣáà má yọ̀ jù. Ojú ọ̀nà kan náà ni ìgbì máìkíròwéfù àti ti Wi-Fi ń rìn, nǹkan bíi 2.4 GHz (GHz ni wọ́n fi ń wọn bí ìgbì ṣe ń yára mì tó). Ó máa ń jò díẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn máìkíròwéfù, kò tó ohun tó ń pa èèyàn lára, àmọ́ Wi-Fi tí ohùn ẹ̀ kéré, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni. Tí ráútà yín bá ní 5 GHz, ẹ bọ́ síbẹ̀, ògiri ló kàn máa ń tètè dá ìyẹn dúró. Ẹ má sì gbé ráútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírọ́ọ̀mù omi, omi máa ń mu ìgbì ẹ̀.

Àdúrà ìdílé là ń gbà, orin ìyìn ń lọ lórí sípíkà Bluetooth wa, àfi fújì gbàù! Ìyá mi ní ká gbààwẹ̀.
Sístà, Ọbáńtokò

Ẹ jẹun yín o jàre. Ọmọ tẹ́náǹtì yín ni. Ọ̀pọ̀ sípíkà ò ní páswọọdù, fóònù yòówù tó bá wà ní nǹkan bíi mítà 10 lè wọlé bí tiyín bá já. Orúkọ ọba ni Bluetooth gan-an, Harald, ọba Denmark ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn, wọ́n ní ó so àwọn èèyàn ẹ̀ pọ̀, òun ló wá so yín pọ̀ mọ́ aládùúgbò yìí. Ẹ ṣe reset sípíkà yẹn, kí fóònù yín sì ti wà lórí ẹ̀ kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀. Tí fújì bá tún yọ, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ yín.