Sínóò Maryland àti tíkẹ́ẹ̀tì Èkó: ọjọ́ wo gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ máa parí?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà wa. Ọdún kejì wa rèé ní Maryland, ní Amẹ́ríkà níbí. Lórí kàlẹ́ńdà ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún wa, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, ni àwọn ọmọ máa parí. Torí náà a ra tíkẹ́ẹ̀tì Èkó sí ọjọ́ 13, kí a lè bá màmá mi ṣe àádọ́rin ọdún. Oṣù kejì ò tíì parí báyìí, sínóò (snow) ti gba ọjọ́ 6 lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ní àwọn máa dí i padà. Àbúrò ọkọ mi wà ní Virginia, odò Potomac nìkan ló wà láàrin wa, ó ní wọn ò fi ọjọ́ kankan kún tàwọn. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò yìí? Ṣé kí n pààrọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì? Ẹ má bínú o, nílé, òjò wo ló ń ti ilé-ẹ̀kọ́? Mo ti fi fọ́tò kàlẹ́ńdà náà ránṣẹ́. — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra ayẹyẹ, màmá á ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé. Kí n tètè sọ èyí tó ń jẹ yín lọ́kàn: bí nǹkan ṣe rí lónìí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà, ni àwọn ìbejì máa jókòó ní kíláàsì kẹ́yìn. Bí sínóò mìíràn bá tún já lulẹ̀, á kọjá ibẹ̀. Ẹ má tíì pààrọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì lónìí, ṣùgbọ́n ẹ ti fi sọ́kàn pé ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà nínú kọmítì tó ń to kàlẹ́ńdà ní káńtì (county, bí ìjọba ìbílẹ̀ nílé) kan ní ìpínlẹ̀ yìí. Àwọn òbí tó ti pè wá nítorí irú tíkẹ́ẹ̀tì yìí ò lóǹkà, ọmọ Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Oṣù kẹfà ni gbogbo wa ń fẹ́ lọ sílé.

Ẹ fi ìka fẹ fọ́tò yẹn lójú, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lábẹ́ oṣù kẹfà, nínú lẹ́tà wínníwínní tí ojú àgbà ò lè kà láìlo dígí, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ 182 ni ilé-ẹ̀kọ́ máa ṣí. Wọ́n ní bí a bá tì í ju ọjọ́ 2 lọ, ọjọ́ ìpàdé àwọn olùkọ́ nínú oṣù kẹta máa di ọjọ́ ẹ̀kọ́. Bí ìyẹn ò bá tó, ọjọ́ Ajé tó ṣáájú Ọjọ́ Ẹtì Rere máa tẹ̀ lé e. Bí ìyẹn náà ò bá tó, wọ́n á máa lẹ ọjọ́ mọ́ ìparí ilé-ẹ̀kọ́ nínú oṣù kẹfà. Ọjọ́ 12 tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ sókè, ìrètí lásán ni. Àwọn ìlà kéékèèké yẹn ló ń darí ohun gbogbo.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ọjọ́ 182 ni wọ́n tò. Sínóò mú 6, ó ku 176. Ọjọ́ àwọn olùkọ́ wọlé, ó di 177. Ọjọ́ Ajé tó ṣáájú Ọjọ́ Ẹtì Rere wọlé, ó di 178. Ó wá ku 2 kó tó pé 180. Ọjọ́ Ajé 15 àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun 16 oṣù kẹfà nìyẹn.

Ọjọ́ 2 tó lé lórí 180 yẹn, èènì ni. Bí ẹni tó ń ta gàárì ṣe ń bu díẹ̀ lé e lẹ́yìn tó ti wọ̀n ọ́n tán, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bu ọjọ́ lé kàlẹ́ńdà. Ẹ lè ní kí ló dé tí a ò bu èènì ọjọ́ 10 lé e, kí kálukú sinmi ariwo. Owó ni. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ṣí, a máa sanwó awakọ̀ bọ́ọ̀sì, a máa tan iná, a máa gbọ́ oúnjẹ. Àdéhùn tó wà láàrin káńtì àti ẹgbẹ́ olùkọ́ sì ti sọ iye ọjọ́ tí olùkọ́ máa ṣiṣẹ́ lọ́dún. Ní ọdún tí sínóò ò bá wá, èènì kan náà á di ẹ̀ṣẹ̀ sí wa lọ́rùn: àwọn òbí á ní kí ló dé tí a fi ń dá ọmọ dúró ní kíláàsì nínú ooru oṣù kẹfà.

Ta ló ń pinnu? Amẹ́ríkà ò ní kàlẹ́ńdà ilé-ẹ̀kọ́ kan tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń lò. Nílé, ìpínlẹ̀ á gbé kàlẹ́ńdà kan jáde, ó parí. Níbí, Maryland ní ẹ̀ka ilé-ẹ̀kọ́ 24, ìyẹn káńtì 23 àti ìlú Baltimore, kálukú ló ń to tirẹ̀, bọ́ọ̀dù ẹ̀kọ́ rẹ̀ á sì fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ ìpínlẹ̀ ni láti sọ iye tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dín sí. Òfin Maryland ní ilé-ẹ̀kọ́ gbọdọ̀ ṣí fún ọjọ́ 180, ÀTI fún wákàtí 1,080, ó kéré tán. Ti ilé-ẹ̀kọ́ girama (high school) tó wákàtí 1,170.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ “àti” yẹn dáadáa, òun ló fa ìjà yín pẹ̀lú àbúrò ọkọ yín. Ní Virginia, ọjọ́ 180 TÀBÍ wákàtí 990 ni. Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ tiwọn ń kọ́ wọn fún wákàtí 6 lójúmọ́. Ọjọ́ 180 á di wákàtí 1,080, ó sì fi 90 ju ohun tí òfin béèrè lọ. Pín 90 sí 6, ọjọ́ 15 nìyẹn. Sínóò lè gba ọjọ́ 15 lọ́wọ́ wọn kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú oṣù kẹfà. Nítorí náà àbúrò yín ò purọ́. Ohio náà ti fi ọjọ́ sílẹ̀ láti ọdún ẹ̀kọ́ 2014 sí 2015, wákàtí ni wọ́n ń kà báyìí: 910 fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 1,001 fún kíláàsì keje sókè. Massachusetts ní tirẹ̀ máa ń ní kí wọ́n to ọjọ́ 185 sílẹ̀ kí 180 má baà yẹ̀. Ní New York, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá dín kù lábẹ́ 180 láìgba ìyọ̀ǹda lè gba ìdá kan nínú 180 owó ìrànwọ́ ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ ò sì ní rí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó máa fi ìyẹn ṣeré.

“Àti” yìí náà ló fà á tí ẹ fi ń gba ìpè láàárọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ máa pẹ́ wákàtí 2 kó tó ṣí, dípò kí wọ́n tì í. Ọjọ́ tí a ṣí pẹ́, ọjọ́ kan ni lójú òfin. Wákàtí 2 tó lọ ńkọ́? Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó bá ń lo wákàtí 6 àti ààbọ̀ lójúmọ́ máa ní wákàtí 1,170 láàrin ọjọ́ 180, ó fi 90 ju 1,080 lọ, inú 90 yẹn la ti ń bu ú. A lówó wákàtí lápò, ọjọ́ ni a ò ní. Torí náà, bí oòrùn bá lè yọ́ títì kó tó di aago mẹ́sàn-án, a ò ní tì í.

Ẹ béèrè pé òjò wo ló ń ti ilé-ẹ̀kọ́ nílé. Òótọ́ ni, òjò Ìbàdàn pa èmi náà lọ síléèwé, bàtà mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n sínóò funfun tí ẹ ń rí yẹn kọ́ ló ń dẹ́rù bà wá. Yìnyín ni, èyí tó dì pẹrẹsẹ sójú títì tí ojú ò rí. Láti bí aago mẹ́ta òru ni àwọn ará ọ́fíìsì bọ́ọ̀sì ti ń wa ọkọ̀ kiri láti dán ọ̀nà wò. Lọ́jọ́ kan tí mo bá wọn jáde, ohun tó wà nílẹ̀ ò jìn tó ìka mẹ́ta, títì ńlá ti gbẹ, wọ́n ti da iyọ̀ sí i. Mo ti ń sọ lọ́kàn pé a máa ṣí lónìí. A yà sí ọ̀nà tóóró kan tó dà gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀bá odò, ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bí ẹni tó tẹ ọṣẹ nínú balùwẹ̀. Awakọ̀ ò tẹ nǹkan kan, kò yí nǹkan kan, ó kàn ń wò. Àpótí lẹ́tà onílé kan ló dá wa dúró. Ó yí ojú sí mi, ó ní, “Ẹ fi ọmọ àádọ́ta sínú èyí tiwa, kí ẹ tún un rò.” Ká tó padà dé, ọ̀gá àgbà àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní káńtì tó yí wa ká sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kó tó di aago márùn-ún àárọ̀ tàbí kété lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọdọ̀ sọ ibi tó fi sí.

Ẹ ó wá ní iwájú ilé tiyín mọ́ tónítóní. Bọ́ọ̀sì kan náà ló ń kó ti ilé-ẹ̀kọ́ girama, tó ń padà wá kó ti àárín, tó tún ń padà wá kó ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A ò lè ti ìdajì káńtì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ibi tí àwọn ọmọ ti ń dúró de bọ́ọ̀sì: katakata ti wọ́ sínóò láti àárín títì kó o jọ sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, òkìtì náà ga ju ọmọ ọdún méje lọ, ojú títì gan-an lọmọ á wá dúró sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí a fi ń tì í ní ọjọ́ kejì, tí oòrùn ń ràn tí gbogbo yín sì ń bú wa, nítorí ìyẹn ni. Kì í sì í ṣe pé kí a máa ti ilé-ẹ̀kọ́ pa dùn mọ́ wa. Àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun àárọ̀ àti ọ̀sán. Mo máa ń rántí wọn ju ìdánwò lọ.

Ẹ tún lè rò pé kí wọ́n mú gbogbo ọlidé kí oṣù kẹfà lè sinmi. Òfin Maryland ti so àwọn kan mọ́lẹ̀: láti Ọjọ́ Ẹtì Rere títí dé ọjọ́ Ajé Àjíǹde, láti ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì dé ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún, ọjọ́ ìrántí Martin Luther King, àti ọjọ́ ìdìbò. A ò kàn lè jí dìde ká mú wọn. Ìdí rèé tó fi jẹ́ ọjọ́ Ajé tó ṣáájú Ọjọ́ Ẹtì Rere ni wọ́n mú nínú tiyín, tí wọn ò fọwọ́ kan ọjọ́ Ẹtì. Ìgbà kan tiẹ̀ burú ju báyìí lọ. Ní 2016, gómìnà Larry Hogan pàṣẹ pé ilé-ẹ̀kọ́ ò gbọdọ̀ wọlé kí ọlidé Labor Day tó kọjá ní oṣù kẹsàn-án, kó sì parí kó tó kọjá ọjọ́ 15 oṣù kẹfà. Lójú tèmi, ẹni tó ṣe òfin yẹn ò tíì to kàlẹ́ńdà rí. A ò ráyè bu èènì, ìsinmi Àjíǹde ló ń jìyà rẹ̀. Ní 2019 àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ dá agbára náà padà fún àwọn káńtì.

Ti kíláàsì orí kọ̀ǹpútà, èmi ò fi bẹ́ẹ̀ gbára lé e. Ibi tí ìpínlẹ̀ bá ti fọwọ́ sí i, ó ń kà mọ́ ọjọ́ ẹ̀kọ́; ní New Jersey, ti sínóò lásán kì í wọ inú 180. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì 2024, ìlú New York ní kí gbogbo ọmọ kẹ́kọ̀ọ́ láti ilé. Nígbà tí gbogbo wọn rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀, ọ̀pọ̀ ni ò ríbi wọlé rárá. Ìbejì ọmọ ọdún méje lórí kọ̀ǹpútà kan, ìyá wọn níbi iṣẹ́, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Ó ku tíkẹ́ẹ̀tì. Káńtì lè bẹ bọ́ọ̀dù ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n dárí ọjọ́ díẹ̀ jì í, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé òun ti lo àwọn ọjọ́ tó kọ sílẹ̀ láti fi dí i. Ẹ má fi ìyẹn ra nǹkan kan. Ẹ pe ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bi í léèrè iye tí ìpààrọ̀ jẹ́ àti ọjọ́ tí owó náà máa tún gbẹ́nu sókè. Bí ẹ bá lè dúró, ẹ dúró di ìparí oṣù kẹta, nítorí ìgbà yẹn ni sínóò sábà máa ń kẹ́rù rẹ̀ kúrò níbí, tí bọ́ọ̀dù á sì fẹnu kò lórí ọjọ́ ìparí. Bí ẹ ò bá lè dúró, ẹ mú ọjọ́ 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ 16, bí ilé-ẹ̀kọ́ bá tún tì fún ọjọ́ kan, ó di 17. Bó bá jẹ́ méjì, ó di 18. Ẹ fo 19, ọlidé Juneteenth ni. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta á bọ́ sí ọjọ́ Ajé 22.

Bí ọjọ́ ayẹyẹ màmá ò bá ṣeé sún, ẹ kọ lẹ́tà sí olùkọ́ wọn láti oṣù karùn-ún, kí ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ń lọ gan-an. Wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọmọ pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ láìnídìí tí òfin mọ̀, torí ìrìn-àjò kì í ṣe àìsàn. Ọjọ́ 2 ni, ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ohun tó ń mú kí ọ́fíìsì máa pe òbí ni bí ọmọ bá pa ìdá kan nínú mẹ́wàá ọjọ́ jẹ, ìyẹn ọjọ́ 18 nínú 180. Ẹ ka iye tí wọ́n ti pa jẹ látìbẹ̀rẹ̀ ọdún kí ẹ tó pinnu, kí ẹ má sì gbàgbé láti dá ìwé àti kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ padà kí ẹ tó lọ, nítorí wọ́n á bi yín.