Ẹ mọ ibi tí ẹ̀rọ ti ń ka omi kí ẹ tó ra sìkírìnì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ọkọ̀ onígbòkun yín gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 32, ẹ wá ń béèrè bóyá sìkírìnì ńlá kan ni kẹ́ ẹ gbé sídìí ìtọ́kọ̀ àbí kékeré méjì. Kékeré méjì ni. Kí ọ̀kan máa sọ bí omi ṣe jìn tó nígbà gbogbo, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Kí èkejì máa sọ ti afẹ́fẹ́ àti eré ọkọ̀. Ìyẹn ò le.

Èyí tó le nìyí. Kíìlì ọkọ̀ mi, ìyẹn apá tó lọ sísàlẹ̀ jù lábẹ́ ọkọ̀, fi mítà 1.7 wọnú omi. Oníṣẹ́ kan ní Southampton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá mi so ẹ̀rọ tó ń wọn jíjìn omi. Mo bi í, mo tún bi í: ṣé láti abẹ́ kíìlì ló ti ń kà á? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tiẹ̀ ń wò mí bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan. Irọ́ ni. Láti ojú omi ló ti ń kà á. Lọ́jọ́ tá a ń lọ sí Cowes, omi ti ń fà, a sì ń gba ẹ̀gbẹ́ Bramble Bank, òkìtì iyanrìn tó wà nínú Solent, omi òkun tó wà láàárín Southampton àti Cowes, tó máa ń yọ síta tí omi bá fà gan-an débi pé àwọn èèyàn ń gbá kírikẹ́ẹ̀tì lórí ẹ̀ lọ́dọọdún. Sìkírìnì kọ 2.4. Ó kọ 2.1. Ó kọ 1.9. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé omi bẹ́ẹ̀ ṣì wà lábẹ́ kíìlì. Ó dé 1.7, ọkọ̀ dúró gbọnin, nọ́ńbà yẹn ò yí mọ́. Mo fi ẹ́ńjìnnì fà á sẹ́yìn, kò gbọ́. Omi ń fà lọ, ọkọ̀ ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìyàwó mi di irin mú, ọmọ wa ń bì. Ibẹ̀ la wà títí omi fi padà dé. Mo pe oníṣẹ́ náà, ó ní kí n lọ ka ìwé tó bá ẹ̀rọ wá!

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Ẹ so òjé mọ́ okùn, ẹ jù ú sódò níbi tẹ́ ẹ so ọkọ̀ mọ́, ẹ wọn okùn náà láti ojú omi dé ìsàlẹ̀. Tó bá jẹ́ mítà 4, tí ọkọ̀ yín sì fi 1.7 wọnú omi, 2.3 ló yẹ kí sìkírìnì kọ tó bá jẹ́ abẹ́ kíìlì ló ti ń kà á. Offset ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe.

Ti wáyà NMEA 2000, èyí tó ń so àwọn ẹ̀rọ inú ọkọ̀ pọ̀, ẹ̀ẹ́ tètè mọ̀ ọ́n: wáyà gbọọrọ kan, terminator (ohun kékeré tí wọ́n fi ń dé ẹnu wáyà) kan ní orí, ọ̀kan ní ìdí, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ò gbọdọ̀ ju mítà 6 lọ. Tẹ́nì kan bá ní sìkírìnì yín ti bàjẹ́, ẹ ní kó paná kó kọ́kọ́ fi mítà oníná wọn wáyà yẹn: ohm 60 ló yẹ kó bá. Tó bá bá 120, terminator kan ti yọ nìyẹn.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ wọ gíláàsì oòrùn yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan máa ń jẹ́ kí sìkírìnì dúdú pátápátá. Ẹ má gbé e sún mọ́ kọ́ńpáàsì. Ẹ tan án, ẹ pa á, kẹ́ ẹ wò ó bóyá abẹ́rẹ́ ẹ̀ mira. Tí wọ́n bá fẹ́ lu ihò sára òpó ìtọ́kọ̀, ẹ dúró tì wọ́n, torí inú ẹ̀ ni ṣéènì ìtọ́kọ̀ wà. Kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà offset sínú rìsíìtì kẹ́ ẹ tó sanwó.