Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ológbò Tí Kò Ní Ilé àti Àwa Alágbàtọ́ Wọn

Lẹ́tà mẹ́rin ni a yọ jáde lóṣù yìí nínú èyí tí ó tẹ̀ wá lọ́wọ́, gbogbo wọn ni ó sì wá láti ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogí. Ọ̀rọ̀ ológbò ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pàápàá àwọn tí ń gbé ní ọjà, ní ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ àti ní ibi tí wọ́n ń kó kaṣú pamọ́ sí, tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ sọ pé òun ni ó ni wọ́n. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń gba irú wọn tọ́ nínú ilé mi, nítorí náà èmi fúnra mi ni mo dáhùn.

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìyàrà. Lánàá, àwọn ọmọ kíláàsì mi rí ọmọ ológbò mẹ́rin nínú páálí ìwé àtijọ́ lẹ́yìn yàrá tí a ń kẹ́rù sí. Ojú wọn kò tíì là. N kò rí ìyá wọn, mo sì gbé wọn wá sílé. Mo fi omi la mílíìkì alágolo fún wọn, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru ti mú méjì nínú wọn. Mo fẹ́ tọ́ wọn, n kò sì mọ ohun tí mò ń ṣe. (Olùkọ́, Ìyàrà)

Ẹ kú àánú, olùkọ́ wa. Èsì kúkúrú ti tẹ̀ yín lọ́wọ́ lórí fóònù ní ọjọ́ tí ẹ kọ̀wé, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí gbogbo òǹkàwé gbọ́ ọ yékéyéké.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ dá mílíìkì alágolo náà dúró. Wàrà màlúù kò bá ikùn ọmọ ológbò mu, nítorí pé ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀ ju ti wàrà ìyá wọn lọ, èròjà tí ń mú ara dàgbà sì kéré sí i. Ìgbẹ́ gbuuru tí ó ń fà lè gbẹ omi ara ọmọ tí kò ju ìkúùkù ènìyàn lọ láàárín ọjọ́ kan.

Èkejì ni èyí tí ó máa ń ya àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tuntun lẹ́nu: ẹ gbé wọn padà síbi tí ẹ ti rí wọn. Ìyá ológbò kì í jókòó ti ọmọ láti àárọ̀ di alẹ́. Ó máa ń jáde lọ wá oúnjẹ fún wákàtí mélòó kan, bí ariwo ọmọ ilé-ìwé bá sì pọ̀, yóò lúgọ sí kọ̀rọ̀ kan títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kì í sì í ṣe òótọ́ pé bí ọwọ́ ènìyàn bá ti kan ọmọ, ìyá kò ní gbà á mọ́. Ẹ gbé páálí náà padà ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ara àwọn ọmọ bá móoru, ẹ wọ́n láfún díẹ̀ sílẹ̀ yí i ká, kí ẹ sì kúrò nítòsí. Bí ẹ bá padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò tí ẹ rí ojú ẹsẹ̀ ológbò nínú láfún náà, tí ikùn àwọn ọmọ yọ roboto, tí wọ́n sì ń sùn láìké, ìyá wọn ti dé. Iṣẹ́ tiyín kò ju kí ẹ máa gbé oúnjẹ àti omi fún ìyá náà nítòsí ibẹ̀, títí àwọn ọmọ yóò fi já lẹ́nu ọmú. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn onínúure tí wọ́n sọ ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà láyé di ọmọ òrukàn, nítorí pé wọn kò ní sùúrù ìrọ̀lẹ́ kan. Bí ó bá tó wákàtí mẹ́rin tí kò sí ìyá, tàbí tí ara àwọn ọmọ ti ń tutù, ẹ má dúró mọ́. Ẹ kó wọn.

Bí ó bá wá di pé ẹ̀yin ni ẹ ó tọ́ wọn, ẹ rántí pé ìgbóná ara ṣáájú oúnjẹ. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ọmọ ológbò abilà kan wá bá mi lóru ọyẹ́. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó tutù bí omi àmù. Àánú ṣe mí, mo sì sáré fún un ní wàrà kí n tó wá bí ara rẹ̀ yóò ṣe móoru. Ikùn tí ó tutù kì í da oúnjẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú sínú àkísà tí mo fi wé e, mo sì mọ̀ títí di òní pé ìkánjú mi ni ó pa á. Nítorí náà, ẹ bu omi gbígbóná sínú ike, ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan páálí náà, kí àwọn ọmọ lè wọ́ kúrò lára rẹ̀ bí ó bá gbóná jù fún wọn. Ìgbà tí ara wọn bá móoru tán ni kí ẹ tó fún wọn lóúnjẹ.

Oúnjẹ tí ó tọ́ ni ìyẹ̀fun wàrà tí wọ́n ṣe fún ọmọ ológbò. Bí ẹ kò bá rí i ní tòsí, ẹ bá àwọn tí ń rìnrìn àjò lọ sí Ìlọrin tàbí Àbújá sọ̀rọ̀, kí wọ́n bá yín béèrè lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn ẹranko. Wàrà ewúrẹ́ lè gbé wọn ró fún ọjọ́ kan sí méjì. Ewúrẹ́ kún ìgboro wa, ẹni tí yóò fún wàrà rẹ̀ ni ó ṣọ̀wọ́n. Ohun tí ó dára ju méjèèjì lọ ni abiyamọ ológbò mìíràn. Ẹ béèrè ládùúgbò bóyá ológbò ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí ẹ fi aṣọ tí àwọn ọmọ tirẹ̀ ń sùn lé ra àwọn tiyín lára, kí ẹ sì tẹ́ wọn sáàárín wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ahọ́n nu wọ́n bí ẹni pé òun ni ó bí wọn.

Ẹ fi síríńjì kékeré tí kò ní abẹ́rẹ́ fún wọn, ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, kí ọmọ náà dojú bolẹ̀ bí ìgbà tí ó ń mu ọmú. Ẹ má dá a dùbúlẹ̀ bí a ti ń dá ọmọ ènìyàn dùbúlẹ̀, kí wàrà má baà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wákàtí méjì sí mẹ́ta síra wọn ni, tọ̀sán tòru. Lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi òwú tí ẹ ti rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ra ra abẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, nítorí pé ọmọ tí kò tíì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè tọ̀ tàbí yàgbẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n, ẹ máa wọ̀n wọ́n lójoojúmọ́: nǹkan bíi gíráàmù 100 ni wọ́n ń wọ̀n bí wọ́n bá bí wọn, ó sì yẹ kí ó máa fi gíráàmù bíi 10 lé lójúmọ́. Ojú wọn yóò là láàárín ọjọ́ 7 sí 14. Èyí tí kò bá sanra fún ọjọ́ méjì, oníṣègùn ẹranko ni kí ẹ gbé e lọ bá. Ẹ má fún wọn ní parasitamó láé, nítorí pé ó ń pa ológbò. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan nínú oògùn eégbọn tí wọ́n ṣe fún ajá.

Ìyá wa, àwa ọ̀dọ́ márùn-ún ni a ń fún ológbò bíi méjìlá lóúnjẹ lẹ́yìn ọjà ní Kàbà. Àwọn aládùúgbò ń bínú pé wọ́n ń ké lóru, wọ́n sì ń pọ̀ sí i. Bàbá àgbàlagbà kan ní àjẹ́ ni wọ́n. Lóṣù tó kọjá, a bá méjì ní òkú, ìfófòó lẹ́nu wọn, a sì gbà pé oògùn eku ni. Kí ni kí a ṣe? (Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Kàbà)

Ọmọ mi, mo bá ẹ̀yin márààrún kẹ́dùn. Síbẹ̀, n kò ní ka àwọn aládùúgbò yín sí ọ̀tá, nítorí pé ẹjọ́ wọn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Oyún ológbò kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 65 lọ. Èyí tí ó bá pé oṣù mẹ́rin lè lóyún, ó sì lè tún lóyún nígbà tí ó ṣì ń fún ọmọ lọ́mú. Ẹ̀yin ń bọ́ wọn, ẹ kò tẹ̀ wọ́n lọ́dàá. Kí ni wọn yóò ṣe bí kò ṣe kí wọ́n máa pọ̀ sí i? Bí owó kò bá tó méjèèjì, ẹ dín owó ẹja kù, kí ẹ fi ìyókù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ, kí ẹ sì ti orí àwọn abo bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n ti ń ṣe é níbi tí iṣẹ́ yìí ti fìdí múlẹ̀ ni pé wọ́n ń mú ológbò náà, oníṣègùn a ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kí ó bímọ mọ́, a gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, a sì gé ṣóńṣó etí rẹ̀ kan nígbà tí ó ṣì wà lójú oorun, kí ẹnikẹ́ni lè mọ̀ láti òkèèrè pé wọ́n ti ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dá a padà sí ibi tí wọ́n ti mú un gan-an. Dídápadà yìí ni àwọn ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó àwọn méjìlá lọ sínú igbó, níwọ̀n ìgbà tí oúnjẹ bá ṣì wà lẹ́yìn ọjà, àwọn mìíràn yóò wá gba ipò wọn. Akọ tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá kì í jà púpọ̀ mọ́, abo kì í sì í ké wá akọ mọ́, ariwo òru yóò sì rọlẹ̀.

Ẹ ṣí ìwé kan, kí ẹ kọ àwọ̀ àti àmì ara ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí aago tí ẹ ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ máa jẹ́ ọ̀kan náà, kí ẹ sì kó èyí tí ó ṣẹ́kù kúrò lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ebi tí wọ́n bá sùn mọ́jú ni yóò mú wọn wọ inú àgò tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń já lulẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti wọlé, ẹ da aṣọ bo àgò náà lójú ẹsẹ̀. Òkùnkùn a máa mú ara rẹ̀ balẹ̀. Ẹ béèrè oníṣègùn ẹran ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ sì kó mélòó kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí owó lè rọjú. Ẹnikẹ́ni nínú yín kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ lásán gbá ológbò ìta mú. Bí ó bá bu ènìyàn jẹ tàbí ó ya á lára, kí ó fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé bí àmì dìgbòlugi bá ti yọ lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ń là á já.

Ní ti bàbá yẹn, ẹ má bá a jiyàn lójú ọjà. Ẹ lọ kí i nílé, kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ bi í léèrè ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Òun náà mọ̀ pé bí ológbò kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté, ó sì mọ ohun tí eku ń ṣe sí àpò kaṣú àti àgbàdo. Ẹ sọ fún un pé ibà Lassa, tí wọ́n fi orúkọ ìlú kan ní Borno pè nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1969, ń ti inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku wọ inú oúnjẹ, ìpínlẹ̀ Kogí sì wà lára àwọn tí ó ti kàn. Ológbò kì í ṣe oògùn ibà náà, ó sì di dandan kí a máa bo oúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi oògùn eku pa ológbò ń bá eku ṣiṣẹ́ ni. Oògùn yẹn kò sì mọ ológbò yàtọ̀ sí adìẹ tàbí ọmọ tí ń rá. Bí ẹ bá rí ológbò tí ó jẹ májèlé tí kò tíì kú, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, nítorí pé ó lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ sáré gbé e lọ.

Mo lóyún oṣù mẹ́ta, ọkọ mi sì ní kí a lé ológbò wa jáde kí ọmọ má baà kó àrùn. Ṣé dandan ni? (Ìyàwó ilé, Ìsánlú)

Kì í ṣe dandan, ẹ̀rù ọkọ yín kò sì ṣàdédé wá. Kòkòrò kan wà tí ó lè wà nínú ìgbẹ́ ológbò, tí ó sì lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá, ṣùgbọ́n ó ń gbà á tó ọjọ́ kan, ó kéré tán, kí ó tó lè ran ènìyàn. Nítorí náà, kí ọkọ yín máa palẹ̀ ìgbẹ́ náà mọ́ lójoojúmọ́, kí ẹ̀yin má fọwọ́ kàn án. Ẹ máa fọ ọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oko, ẹ máa fọ ẹ̀fọ́ dáadáa, kí ẹ sì se ẹran jinná, nítorí pé inú erùpẹ̀ àti ẹran tútù pẹ̀lú ni kòkòrò náà ń gbà wọlé. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì tí ń tọ́jú yín pé ẹ ní ológbò nílé.

Mo gba ọmọ ológbò méjì tọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹnì kan ní Lọ́kọ́ja fẹ́ gba ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹkún ni mò ń sun. Ṣé kí n kúkú tọ́jú méjèèjì? (Ọmọbìnrin kan, Ẹ̀gbẹ̀)

Mo mọ ẹkún yẹn. Mo ti sun ún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, n kò sì ní sọ fún ọ pé kí o gbé e mì. Ṣùgbọ́n bí o bá dá méjèèjì dúró, àyè kò ní sí nínú ilé rẹ fún àwọn tí wọ́n máa bá nínú páálí mìíràn lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Ọmọ tí ọwọ́ ènìyàn ti mọ̀ ọ́n lára láti ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkeje, bí àwọn tìrẹ, lè bá ẹnikẹ́ni tí ó nífẹ̀ẹ́ gbé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nìyẹn.

Ohun tí ó yẹ kí ó gbà ọ́ lọ́kàn ni irú ẹni tí o fẹ́ fún. Bi í léèrè ibi tí ológbò yóò ti máa sùn, ẹni tí yóò máa bọ́ ọ bí òun bá rìnrìn àjò, àti ìgbà tí yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Ológbò nílò ẹran tàbí ẹja. Ẹ̀bà àti omi ọbẹ̀ lásán kò tó o. Àwọn kan ń wá ológbò fún oògùn ìbílẹ̀, nítorí náà ẹni tí kò bá fẹ́ kí o rí ilé òun, má fún un, bí ó ti wù kí ó bẹ̀ ọ́ tó.

Ní ọjọ́ ìrìn àjò, má ṣe dì í sínú àpò. Gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ tí ó ní ìdérí, kí o tẹ́ aṣọ tí ó ti ń sùn lé sínú rẹ̀, kí o má sì fún un lóúnjẹ ní wákàtí mẹ́ta kí ọkọ̀ tó gbéra. Sọ fún ẹni tí ó ń gbà á pé kí ó fi í sínú yàrá kan ṣoṣo fún ọjọ́ mélòó kan. Ó máa sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí wọ́n má fà á jáde. Kí wọ́n gbé ẹja díẹ̀ àti omi síwájú ibi tí ó sá sí, kí wọ́n pa iná, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀. Yóò jáde fúnra rẹ̀ lóru.